Bàbá tí mo mọ̀ kọ́ ni mò ń bá gbé mọ́: àrùn Parkinson àti ìwà tó yí padà

Àbígbẹ̀yìn | Ọjọ́ Àìkú, aago 10:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí tipẹ́ láì dá sí i, ṣùgbọ́n lálẹ́ òní mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti sọ fún wa pé àrùn Parkinson ló ń ṣe bàbá mi. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, bọ́tìnnì tí kò ṣeé dè mọ́, gbogbo ìyẹn ti mọ́ wa lára. Ìwà ni kò mọ́ wa lára.

Bàbá mi tí kì í náwó láì kọ ọ́ sínú ìwé ti di ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù láàárín òru. Aago méjì, aago mẹ́ta, iná fóònù ni màámi máa ń rí lábẹ́ aṣọ ìbora. Kí a tó mọ̀, owó tí àwọn méjèèjì fi pamọ́ de ọjọ́ ogbó ti lọ sí ìdajì. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n tún ń sọ pé màámi ní ọkùnrin kan níta. Màámi, ẹni ọdún 65, tó jẹ́ pé àtàárọ̀ dalẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n wà. Tí kì í bá ṣe tẹ́tẹ́, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin, wọ́n á kàn jókòó wo ògiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ-ọmọ wọlé, wọn ò gbójú sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìwà tó ti wà lára wọn látijọ́ ló jáde, pé àgbà ò lè bo ara rẹ̀ mọ́ ni. Màámi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó lọ sí yàrá kejì.

Ṣé ìwà ni, àbí àìsàn? Kí sì ni kí n máa sọ tí Bàbá bá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn?

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ | aago 11:05 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí a tó sọ̀rọ̀ jìnnà: oògùn wo ni Bàbá ń lò? Orúkọ tó wà lára páálí gan-an, iye tí wọ́n ń lò, àti ìgbà tí wọ́n fi kún un gbẹ̀yìn. Ẹ má fi "oògùn Parkinson" dá mi lóhùn o, oríṣiríṣi ni wọ́n.

---

Òtítọ́_Korò | aago 11:12 alẹ́

Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ẹ gba káàdì báńkì. Ó tán. Àgbàlagbà tó bá ń ṣe bí ọmọdé, bí ọmọdé la ó ṣe é.

---

Àbígbẹ̀yìn | aago 11:31 alẹ́

@Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Levodopa pẹ̀lú carbidopa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Pramipexole, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n fi kún pramipexole ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn nítorí pé ara wọn ń le jù láàárọ̀. Benzhexol náà wà níbẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ ló kọ ìyẹn nígbà tí gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní ká dá a dúró.

Tẹ́tẹ́ yìí, bí mo bá ka oṣù dáadáa, oṣù mẹ́rin ni.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ | Ọjọ́ Ajé, aago 12:20 òru

Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oògùn gòkè ní oṣù karùn-ún sẹ́yìn, tẹ́tẹ́ wọlé ní oṣù kẹrin. Mi ò rí Bàbá, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ gbé lọ bá dókítà wọn nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń pèsè dopamine. Nínú àrùn yìí, wọ́n ń kú díẹ̀díẹ̀. Dopamine la mọ̀ mọ́ ìrìn àti ọwọ́ gbígbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Òun náà ló ń sọ fún wa pé "èyí dùn, tún un ṣe." Levodopa máa ń di dopamine tó bá dé ọpọlọ. Pramipexole kì í dà á. Ṣe ló ń ṣe bí ẹni pé òun ni dopamine, ó ń jókòó sórí àga rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ropinirole, àti rotigotine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ibi tí ọpọlọ ti ń mọ adùn wà lára ibi tí wọ́n ti ń jókòó jù. Nítorí náà ẹsẹ̀ lè já gaara, kí ìfẹ́-ọkàn já ìjánu lọ́jọ́ kan náà.

Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2010, lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, wọ́n wá nǹkan mẹ́rin: tẹ́tẹ́, ìbálòpọ̀ tí kò níwọ̀n, ọjà rírà láìdáwọ́ dúró, àti oúnjẹ àjẹjù. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo irú oògùn bíi pramipexole yìí, bíi mẹ́tàdínlógún ló ní ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn. Nínú àwọn tí kò lò ó, bíi méje. Ẹ fi ìyẹn dá ẹ̀gbọ́n yín lóhùn.

Wàyí o, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹni tó bá já pramipexole lójijì lè bọ́ sínú ìpayà, ara lílàágùn, ìbànújẹ́ tó wúwo, kí ara máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fi ohun mímu sílẹ̀. Levodopa tí wọ́n bá dá dúró lójijì burú ju ìyẹn lọ: ara á le gbagidi, ibà á gun orí, ó lè gba ẹ̀mí. Dókítà ló ń dín in, ní díẹ̀díẹ̀.

Nípa benzhexol: ó ń dín gbígbọ̀n kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àgbàlagbà, ó ń da iyè rú, ó ń mú kí èèyàn máa rí ohun tí kò sí. Ẹ bi wọ́n léèrè ìyẹn náà.

---

Ọkọ_Ìyàwó_Kan | aago 6:15 àárọ̀

Tìyàwó mi, ọjà ni. Bàtà mẹ́sàn-án, ìwọ̀n kan, àwọ̀ kan, inú páálí ni gbogbo wọn wà. Mo pariwo. Mo pe àwọn ẹbí. Ojú tì í débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọjà kò sì dín. Ohun tí ariwo mi rà fún wa nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjà, aago. Ó ń tú aago ògiri, ó ń to àwọn eyín inú rẹ̀ sórí tábìlì láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, ó tún ń dà wọ́n pọ̀, ó tún ń tò wọ́n. Wákàtí mẹ́rin. Tí mo bá ní kó wá sùn, á bínú sí mi bí ẹni tí mo já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà sọ pé orúkọ wà fún ìyẹn náà, punding ni wọ́n ń pè é, àti pé ọ̀dọ̀ oògùn ló ti sábà ń wá.

Lórí owó, @Àbígbẹ̀yìn, ẹ má dúró de dókítà kí ẹ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Bàbá mọ̀ sí i. Èmi mú àárọ̀ ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ yá, wákàtí kan lẹ́yìn oògùn, mo sọ fún un pé "oògùn yìí ń ná owó wa, ìwọ kọ́." Àwa méjèèjì la lọ sí báńkì. A pín owó sí méjì: owó kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè rẹ̀, èyí tó kù ò ṣeé yọ láìjẹ́ pé àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Owó kékeré yẹn ṣe pàtàkì, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

---

Ọwọ́_Ń_Gbọ̀n | aago 9:02 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ní in. Lẹ́tà yìí ti gba ogójì ìṣẹ́jú, ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

@Òtítọ́_Korò, èmi náà ta tẹ́tẹ́. Ropinirole ni tèmi. Kò rí bí ìdánwò tí èèyàn ń bá jà. Bí ara yínyún ló rí. Mo mọ̀ pé kò dára, mo mọ iye tó ti lọ, ọwọ́ mi ò kàn gbọ́ tèmi. Mo tọ́mọ, mo kọ́lé, mo ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ fún ogún ọdún. Tí ẹnì kan bá gba fóònù lọ́wọ́ mi bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé, màá wá òmíràn ni. Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni pé ìyàwó mi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo láì gbé ohùn sókè: "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Dókítà mi ò bi mí rí. Lọ́dún méjì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló ń bi mí. Èmi náà ò sọ, nítorí mo rò pé èmi nìkan ni ọ̀bàyéjẹ́ tó ní irú ẹ̀.

Nǹkan kejì ni ojú. Ẹ ní Bàbá ò gbójú sókè. Àwọn iṣan ojú wa ń le, wọn kì í rìn mọ́. Inú mi á máa rẹ́rìn-ín, ojú mi á dá bí ojú ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ohùn náà ń lọ sílẹ̀, mo rò pé mo sọ̀rọ̀ sókè, ẹ̀yin ò gbọ́. Ìdáhùn sì ń pẹ́. Tí ẹ bá bi wọ́n ní nǹkan, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú yín kí ẹ tó tún un bi wọ́n. Ìbéèrè kejì máa ń pa ìdáhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Dókítà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn yìí, James Parkinson, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní London ní 1817. Èèyàn mẹ́fà péré ló kọ nípa wọn, àwọn kan nínú wọn, ojú ọ̀nà ló ti rí wọn. Ó kọ ọ́ pé àìsàn náà kì í kan iyè àti làákàyè. Ó jọ pé kò bá àwọn ìyàwó wọn sọ̀rọ̀.

---

Òtítọ́_Korò | aago 9:40 àárọ̀

@Ọwọ́_Ń_Gbọ̀n Ẹ máa bínú, sà. Ìbínú bàbá tèmi ni mo fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ti kú, owó ilé sì lọ pẹ̀lú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé oògùn lè ṣe irú ẹ̀.

---

Ọwọ́_Ń_Gbọ̀n | aago 10:25 àárọ̀

Ẹ kú àfẹ́kù o. Mo ti gbọ́ yín.

---

Ọdún_Mọ́kànlá | aago 1:18 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin níta yẹn ni mo wá fún. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń tọ́jú ọkọ mi rèé, ọdún méjì gbáko nínú rẹ̀ ni mo fi jẹ́ aṣẹ́wó lójú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ búra. Lẹ́yìn náà mo gbé fóònù mi fún un kó wò ó. Mo pe àbúrò rẹ̀ kó wá jẹ́rìí sí mi. Gbogbo ẹ̀rí tí mo mú wá ló di ẹ̀rí ẹ̀sùn. Mo pa fóònù, mò ń fi nǹkan pamọ́. Mo ṣí fóònù, mo ti nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò. Àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbè mí, òun gan-an ni ọkùnrin náà! Ẹ ò lè borí rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ohun tó wọ ọpọlọ láti ọ̀dọ̀ àìsàn kì í gba ẹ̀rí jáde.

Mi ò sì gbà fún un o. Àwọn kan ní kí n kàn sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, má bínú," kí ilé tòrò. Rárá. Ọ̀la ni yóò dá a padà fún mi.

Èyí tó ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà ni pé mo dáhùn ẹ̀rù, mi ò dáhùn ẹ̀sùn. "Mo rí i pé ọkàn rẹ ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ọ́. Mi ò lọ síbì kankan." Ẹgbẹ́ ni wá, "ìwọ" ni mò ń pè é. Ẹ̀yin á fi "ẹ" sọ ọ́ fún Bàbá. Màá dákẹ́. Màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe iwájú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ jọ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, màá gbé iṣẹ́ kékeré kan fún un: bá mi ká aṣọ yìí, bá mi di okùn yìí mú. Nígbà míì kò ṣiṣẹ́. Màá kúrò nínú yàrá, mo sì máa ń sọ ọ́ kí n tó jáde: "Mo ń lọ mu omi, mo ń bọ̀." Ẹni tó bá jáde láìsọ ibi tó ń lọ ti fi igi sí iná.

Tó bá ní òun máa lu Màmá, tàbí tó bá gbé nǹkan, ẹ jẹ́ kí Màmá jáde kíá, kí wọ́n pe ènìyàn. Kí ohun tó ń géni má wà ní àrọ́wọ́tó. Sùúrù kọ́ ni kí wọ́n máa gba ìyẹn mọ́ra.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Lọ́dún kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ náà fò sókè láàárín ọjọ́ méjì. Kò sùn, kò mọ̀ mí, ó ní àwọn kan wà nínú àjà. A rò pé ọpọlọ ti dojú rú pátápátá. Àkóràn ìtọ̀ ni! Wọ́n tọ́jú ìtọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó padà sí bó ṣe wà.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ | aago 3:30 ọ̀sán

Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Ọdún_Mọ́kànlá yẹn sókè. Ìyípadà tó gba oṣù, ẹ wo oògùn àti àìsàn fúnra rẹ̀. Ìyípadà tó gba ọjọ́ tàbí wákàtí, ẹ wá àkóràn, àìmu omi tó, ìgbẹ́ tó há, orí tí wọ́n fi gbá nǹkan nígbà tí wọ́n ṣubú, oògùn tuntun. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà fún yín.

Ẹ sì kọ èyí sínú bébà kan kó máa bá Bàbá lọ síbikíbi: haloperidol, rárá, metoclopramide, rárá. Èkíní ni wọ́n fi ń pa ẹni tó ń da ara láàmú lẹ́nu mọ́, èkejì ni wọ́n fi ń dá èébì dúró. Méjèèjì ló ń dí ọ̀nà dopamine. Tó bá di dandan kí wọ́n lo nǹkan fún rírí ohun tí kò sí tàbí fún ìfura yìí, quetiapine tàbí clozapine ni àwọn tó mọ̀ nípa àrùn yìí sábà máa ń lò, ti clozapine sì ń béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fàṣẹ sí pimavanserin ní 2016 fún un.

---

Ìmọ́lẹ̀_Kékeré | aago 3:52 ọ̀sán

Haloperidol yẹn! Wọ́n gún màámi ní ilé ìwòsàn kan nítorí pé wọ́n ń pariwo lóru. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò lè gbé síbí fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó bi wá pé àìsàn kí ló wà lára wọn.

Màámi máa ń rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú igun yàrá nírọ̀lẹ́. Wọn kì í bẹ̀rù wọn, wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Dókítà ní tí kò bá dẹ́rù bà wọ́n, ká fi sílẹ̀. A gbé iná tó mọ́lẹ̀ síbẹ̀, a ká aṣọ tó ń rọ̀ lórí àga kúrò, àwọn ọmọ náà dín kù. Ẹ̀yin tí tiyín ń jà lójú oorun ńkọ́?

---

Ọkọ_Ìyàwó_Kan | aago 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ó pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń jà lójú oorun, ọdún mẹ́fà kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbá mi ní ẹ̀ṣẹ́ rí nítorí olè inú àlá. Àṣé àìsàn ti ń kanlẹ̀kùn. Mo gbé tábìlì kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, dókítà fún un ní melatonin, ó rọlẹ̀.

---

Àbígbẹ̀yìn | aago 8:47 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ka ti Ọwọ́_Ń_Gbọ̀n fún màámi létí, wọ́n sunkún, wọ́n ní ká tún un kà.

Ó ku jíjókòó wo ògiri. Ṣé ìbànújẹ́ ni?

---

Ọdún_Mọ́kànlá | aago 9:20 alẹ́

Ó lè jẹ́ òun, ó sì lè má jẹ́ òun. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, inú rẹ̀ ò dùn, á máa sọ pé òun ò wúlò, oorun á dà rú. Ẹ sọ fún dókítà, ó ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ọkàn kò bàjẹ́, iná tó ń ti èèyàn dìde ló kú. Tí mo bá bi ọkọ mi pé "ṣé inú rẹ ò dùn ni?", á ní "rárá o, ara mi le." Òótọ́ ló sì ń sọ! Èmi tí mò ń wò ó ni ara ń ta.

Mo ti jáwọ́ nínú "ṣé o fẹ́ ká jáde?" Rárá ni ìdáhùn, lójoojúmọ́. Báyìí, bàtà ni mo ń gbé sí ẹsẹ̀ rẹ̀: "ó yá, a ń lọ." Tá a bá ti jáde tán, ó máa ń gbádùn rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Wákàtí kan náà, lójoojúmọ́, nígbà tí oògùn bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, kódà nínú ọkàn yín.

Màmá ńkọ́? Gbogbo wa ń sọ ti Bàbá. Ta ló ń bá wọn jókòó? Ìgbà wo ni wọ́n sùn di mọ́jú gbẹ̀yìn? Lọ́dún karùn-ún, èmi ni mo ṣubú lulẹ̀, kì í ṣe ọkọ mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọ tó pín òru láàárín ara wọn.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ | aago 11:15 alẹ́

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Ẹ kọ aago oògùn, ẹ kọ aago tí ìwà kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Nígbà míì ẹ óò rí i pé ìpayà àti ìbínú máa ń wọlé nígbà tí oògùn bá ń tán lára, ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú òmíràn. Aago oògùn ni wọ́n máa ń tún ṣe ní irú èyí, kì í ṣe pé wọ́n á fi oògùn àìsàn ọpọlọ kún un. Màmá sì lè kọ lẹ́tà ṣáájú sí dókítà, kí wọ́n má bàa sọ gbogbo rẹ̀ lójú Bàbá.

---

Àbígbẹ̀yìn | ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá sọ ibi tá a bá a dé.

A lọ. Màámi kọ lẹ́tà, ojú ìwé mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi náà tẹ̀ lé wa. Dókítà wo ìwé kékeré wa, ó yíjú sí Bàbá, ó ní, "Sà, ṣé ẹ ń ta tẹ́tẹ́?" Mo kà dé méje. Bàbá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohùn wọn kéré débi pé ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí síwájú kó lè gbọ́. Nígbà tí a ń padà sílé, ẹ̀gbọ́n mi ló wa mọ́tò, kò sọ gbólóhùn kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá Bàbá lọ sí báńkì.

Wọ́n ń dín pramipexole kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti mú Bàbá kúrò lórí benzhexol, wọ́n pín levodopa sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹta nínú dídín kù burú jáì. Bàbá ń làágùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ní àyà àwọn ń já. A pe dókítà, ó ní ká dúró síbi tá a dé fún ìgbà díẹ̀, a dúró. Tẹ́tẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán báyìí. Iyè wọn mọ́lẹ̀ sí i, wọ́n ń bi mí léèrè àwọn nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin níta kò tíì tán. Ó ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Màámi ń sọ "mi ò lọ síbì kankan" báyìí, wọ́n sì ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ṣì ń sùn ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn ni wọn kì í tì mọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la ń dúró ti Bàbá.

Ohun tí a san dípò ni pé ẹsẹ̀ ti burú sí i. Wọ́n máa ń dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ọn. Tá a bá fa ọwọ́ wọn, wọ́n máa fẹ́ ṣubú. Kí lẹ ń ṣe sí ìyẹn?

---

Ọwọ́_Ń_Gbọ̀n | aago 7:33 àárọ̀

Ẹ má fà wọ́n. Ẹ lẹ téèpù aláwọ̀ tó hàn ketekete mọ́ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ní ìlà ìlà, bí àtẹ̀gùn. Kí wọ́n má ronú ìrìn, kí wọ́n ronú pé àwọn ń ré ìlà kọjá. Tí kò bá sí téèpù, ẹ fi ẹsẹ̀ yín sí iwájú tiwọn kí wọ́n ré e kọjá, tàbí kí ẹ ka "ọ̀kan, méjì" fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mi ara wọn sọ́tùn-ún sósì.

---

Àbígbẹ̀yìn | ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà

A ti lẹ téèpù pupa sí ẹnu ilẹ̀kùn mẹ́ta. Láàárọ̀ ó ń ṣiṣẹ́, lálẹ́ kò ṣiṣẹ́. Lánàá Bàbá dúró lórí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló ya nǹkan sí ilẹ̀ ilé mi?" Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Ojú wọn ò sọ.